Lẹ́tà sí Rónkẹ́ láti Lustenau

Lustenau, Ọ́síríà
Alẹ́ Ọjọ́rú

Rónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ooru Houston yín ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Níbí, súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn, síbẹ̀ mò ń gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti dé Ọ́síríà. Má pariwo o. Ọkọ mi, ìyá mi àti Ìyá Tósìn nìkan ló mọ̀. Orí òkè àdúrà ni gbogbo ará Gbági rò pé mo wà, kí wọ́n ṣáà máa rò bẹ́ẹ̀. Ìnáwó Tósìn ló gbé mi wá. Ìyá Tósìn ní òun ò ní fi léèsì Ṣáínà mú àkọ́bí òun lọ sílé ọkọ, kí n lọ sí ìdí ẹ̀ gan-an, kí n lọ wo bóyá wọ́n á bá wa ṣe é. O mọ obìnrin yẹn. Tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí.

Léèsì aláwọ̀ ewé ìyá yín tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn nígbà yẹn, ibí ni wọ́n ti ṣe é. Swiss tí a ń pariwo ní Balógun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ò mọ Switzerland rí. Odò Rhine ló wà láàárín Lustenau àti Switzerland, wọ́n ń wo ara wọn lódìkejì. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é fún wa níbí. Nígbà tí ìjọba wa fòfin de léèsì ní àwọn ọdún 1970 ńkọ́? Ẹrù yà gba Kùtọnu, ó sì wọlé. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tí mo lọ, bàbá rẹ̀ ló ń tà fún àwọn ìyá Èkó láyé ọjọ́un. Ó gbé ìwé sáńpù àtijọ́ jáde, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, èmi sì ń dárúkọ ẹni tí mo ti rí i lára rẹ̀ ní ìdí ìnáwó. Àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Rónkẹ́, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ẹ̀rọ wọn gùn ju pálọ̀ Mọ́lété lọ. Yáàdì 15 ni èyí tí mo rí ń nà lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ ń gún un pa pọ̀. Ọ̀gá ní ará Switzerland kan, Isaak Gröbli, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1863. Ti guipure ló yà mí lẹ́nu jù. Orí aṣọ kan ni wọ́n á kọ́kọ́ fi òwú ṣọnà sí, wọ́n á wá yọ́ aṣọ náà dànù, ọnà nìkan ni yóò kù, gbogbo ìyókù á di ihò. Mo fọwọ́ pa etí rẹ̀ títí, n ò rí òwú kan tó ta.

Owó ẹ̀ ni kí n bá ọ sọ. Nígbà tó pè é, mo tọrọ omi. Ó ní kí n gbọ́ ìdí rẹ̀: owó oṣù 14 ni òṣìṣẹ́ ibí ń gbà lọ́dún kan. Mẹ́rìnlá! Ọ̀kan fún ìsinmi, ọ̀kan fún Kérésìmesì. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí òfin fún wọn tún wà níbẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n lè gbà mí síṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò ṣàwàdà. Iná mọ̀nàmọ́ná pẹ̀lú ti gbówó lórí láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti wọ Ukraine ní 2022. Owó orí ọjà wọn jẹ́ ìdá 20 nínú 100, àmọ́ èmi ò ní san án, torí ẹrù mi ń jáde kúrò láàárín àwọn European Union. Kí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù ṣáà pé. Ọ́síríà ò ní òkun, ìyẹn náà ò dà mí láàmú. Léèsì ò wúwo, ọkọ̀ òfuurufú ni yóò gbé e ní Zurich, ibẹ̀ ò jìnnà síbí. Náírà tí wọ́n tú sílẹ̀ lóṣù kẹfà 2023 kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, tí kò tíì mọ ibi tó máa jókòó sí, òun ni mò ń bẹ̀rù.

Ẹni tí mò ń bá dòwò ní Keqiao, ìlú aṣọ ní Ṣáínà, tí owó nìkan bá ni, mi ò ní ẹjọ́ láti rò. Ṣùgbọ́n àwòrán tí mo fọwọ́ ara mi yà, kó tó dé ọwọ́ mi ló ti wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kánkán mi, tí wọ́n ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. O mọ ẹni tó rà á. Ẹni yẹn náà ni. Àwọn ti ibí ní àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ò ní fi àwòrán mi ṣe aṣọ fún ẹlòmíràn. Mo gbà wọ́n gbọ́ ju bó ṣe yẹ kí oníṣòwò gbani gbọ́ lọ. Tó o bá bi mí, aṣọ tí gbogbo ayé máa rà, kí Ṣáínà máa ṣe é lọ. Aṣọ ìyàwó àti ti àwọn ìyá ìyàwó, ibí ni. Fún igba èèyàn aṣọ ẹbí, rárá, àfi kí ìdílé méjèèjì fẹ́ jẹ gbèsè.

Fúnmi bí ọkùnrin, Bàbá Káyọ̀dé ti fẹ̀yìn tì, òrùlé wa tún ti ń jò, ìyá mi ní kí n kí ọ.

Wò ó, n kò lè sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Tósìn síwájú. Ọkọ ìyàwó ò tíì wálé, orí fóònù ni gbogbo wa ti ń rí i, tí ìyá ìyàwó bá sì ti bọ́ síbẹ̀ báyìí, ọkọ ìyàwó á ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò dáa. Ní Houston, Rónkẹ́! Ẹnìkan tún fi àwòrán ọkọ ìyàwó hàn mí, ó gbé ọmọ kékeré kan léjìká. Ọkọ ìyàwó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni. Ẹ̀gbọ́n wo? Ṣebí ìyá rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa pé ọmọ kan ṣoṣo lòun bí! Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún Ìyá Tósìn, ó yí ọ̀rọ̀ padà sí gèlè.

Ìdajì owó ló wà lọ́wọ́ mi. Ìdajì tó kù, Ìyá Tósìn ní ìdílé ọkọ ni yóò mú un wá. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì sì ni mo gbọ́dọ̀ san owó àsansílẹ̀, wọn kì í dá a padà tí wọ́n bá ti gbé àwòrán sórí ẹ̀rọ.

Jọ̀ọ́, Katy, ẹ̀gbẹ́ Houston yín níbẹ̀, ni ọkọ ìyàwó ní òun ń gbé. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ mọ ara wọn. Fọgbọ́n bèèrè, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, níbi tó o bá ti lè rí i. Mi ò ní kó o tú àṣírí ẹnikẹ́ni o. Kí n ṣáà mọ̀ bóyá obìnrin wà nílé. Má dárúkọ mi. Fún Ọlọ́run, má jẹ́ kó dé etí Ìyá Tósìn, ó kéré tán kí n tó dé Ìbàdàn.

Wákàtí méje la fi ṣíwájú yín, nítorí náà, àárọ̀ kùtùkùtù Ọjọ́ Ẹtì tìrẹ ti pẹ́ jù. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni kó o pè mí, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo máa gbé e.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí

Yáàdì márùn-ún guipure wà nílẹ̀ fún ọ, bó bá dára, bí kò bá dára. Èwo lo fẹ́, aláwọ̀ osùn àbí búlúù?