Ebi ń Pa Mí, Tengo Hambre

Valencia,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara Màmá ti le dáadáa? O ní kí n kọ́ ọ ní èdè Sípáníìṣì díẹ̀ kí físà rẹ tó jáde. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni màá fi bẹ̀rẹ̀: tener. "Ní" ni ìtumọ̀ rẹ̀, bíi kéèyàn ní ilé tàbí kó ní ọmọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe níbí pọ̀ ju ti "ní" tiwa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo sọ fún ìyá onílé mi pé "el hambre me mata", torí ebi ń pa mí ni mo fẹ́ wí. Àyà ìyá náà já. Ó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún mi, ẹ̀yìn náà ló wá ní "tengo hambre" ni wọ́n ń sọ. Mo ní ebi! Ó yà mí lẹ́nu, Àbẹ̀kẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ebi ló ń pa èèyàn, òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á, òtútù ló ń mú un, ojú ló ń tì í. Àwọn ló ń wá bá wa. Lẹ́nu àwọn ará ibí, ìwọ lo ni wọ́n: tengo sed, tengo miedo, tengo frío, tengo vergüenza. Kódà ọjọ́ orí, níní ni wọ́n ń ní in: tengo 34 años. Má sọ "soy 34" o, ìyẹn "mo jẹ́ 34".

"Ní" tiwa kì í yí padà. Tiwọn ń yí: tengo ni mo ní, tienes ni o ní, tiene ni ó ní, tenemos ni a ní, tenéis ni ẹ ní, ẹ̀yin púpọ̀, tienen ni wọ́n ní. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà pe "yo", tó jẹ́ èmi, mọ́ ọn. Tengo nìkan ti tó. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí o kò mọ̀ rí lo ń bá sọ̀rọ̀, fi tienes sílẹ̀, sọ pé usted tiene, ìyẹn "ẹ ní" ti ọ̀wọ̀. Jọ̀ọ́, di èyí mú ju ìyókù lọ, ìwọ tí o kì í fi "o" pe àgbà. Tuve ni ti àná, tendré ni ti ọ̀la. Àkọ́sórí ni méjèèjì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni tener que. Tengo que trabajar: mo ní láti ṣiṣẹ́. Àbí o rí i? "Ní" wa náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tí mo fura sí i, inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú títì.

Oorun ti ń kùn mí báyìí, tengo sueño, aago márùn-ún ìdájí ni mo sì ní láti jí.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.