Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka ìwé dénú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ní Ṣágámù níbí, mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì nípa ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n yàn fún wọn. Ó ka orúkọ ẹ̀dá-ìtàn sílẹ̀ wàràwàrà. Ìwé fúnra rẹ̀, kò ṣí i rí. Ìwé pẹlẹbẹ tó gé ìtàn kúrú ló há sórí. Ó dùn mí gan-an.

Ẹni tó bá sáré ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, ọdẹ àti iwin nìkan ni yóò rí. Ẹ padà sí i, ẹ kà á sókè, kí ẹ gbọ́ bí gbólóhùn ṣe ń gun ara wọn bí ìlù. Ẹ ó rí i pé ìwà ọmọ ènìyàn ló ń tú palẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà-Rẹ́mọ wa, túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ta ló lè túmọ̀ irú èdè bẹ́ẹ̀ láìjókòó tì í pẹ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo bẹ̀ yín: ojú ewé méjì péré lójúmọ́, kí ọmọ kà á sókè, kí ẹ sì bi í pé, "Kí ló dé tó fi sọ ọ́ báyìí?"

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ṣágámù