Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ ìbọn tó o fẹ́ rà yẹn

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òtútù. Ìyá Tòlú ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Dáadáa la wà l'Ábẹ́òkúta níbí o, àfi òjò tí ò jẹ́ ká rímú mí, àtàárọ̀ ló ti ń rọ̀. Mo gbọ́ fóìsì nóòtì ẹ, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìwọ tó jẹ́ pé báwọn ọdẹ bá ti gbé ìbọn sókè níbi òkú àgbà, o ti fìka di etí méjèèjì, ìwọ lo wá ń bi mí pé irú ìbọn wo ló yẹ kó o rà ní England níbẹ̀. Ó dáa náà. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí mo lè sọ sínú fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ kó o lè máa yẹ̀ ẹ́ wò tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù wọn.

Fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ yẹn, dọ́bù bárẹ́lì tí wọ́n fín òdòdó àti ẹyẹ sí lára, ó rẹwà, mi ò jiyàn. Ṣé ara ògiri lo fẹ́ gbé e kọ́ ni? Káyọ̀dé, ìbọn tó bá ara ẹ mu ni kó o wá, orúkọ àti fínfín àti igi tó ń dán, ìyẹn lè tẹ̀ lé e tówó bá ṣẹ́kù. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ò dà bíi ráífù tí wàá fara balẹ̀ fojú wọ̀n kó o tó fà á. Ohun tó o fẹ́ yìn ń sáré, ojú ẹ ń tẹ̀ lé e, ìbọn sì gbọ́dọ̀ gun èjìká kó máa wo ibi tójú ẹ ń wò láìjẹ́ pé ò ń tún un ṣe. Tí ìdí ẹ̀ bá gùn jù, á máa há ẹ lábíyá, tó bá kúrú jù, àtàǹpàkò ẹ á máa gbá ẹ nímú. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sùn lé ńkọ́? Tó bá rẹlẹ̀ jù, ìsàlẹ̀ ẹyẹ lọta á máa gbà, tó bá ga jù, orí ẹ̀ lá máa gbà kọjá, wàá wá máa pariwo pé kátíríìjì, ike tí wọ́n di ọta wẹ́wẹ́ sí, ò dáa.

Ìwọ sì tún jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ṣó o rántí ìyẹn ṣá? Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn tí wọ́n ń tà ni wọ́n tẹ ìdí ẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún, nítorí ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ṣe ìdíwọ̀n. Tó o bá gbé irú ẹ̀ sí èjìká òsì, ojú ẹ ò ní bọ́ sí àárín bárẹ́lì láé. Wọ́n ń ṣe tàwọn ọlọ́wọ́ òsì lọ́tọ̀, àwọn atúnbọnṣe tó mọṣẹ́ sì lè fi iná tàbí òróró gbígbóná tẹ igi ọ̀hún padà sápá tó o fẹ́, àmọ́ owó ni, bi wọ́n kó o tó dúnàádúrà. Bó o ṣe máa dán an wò rèé: ṣí ìbọn, rí i pé òfìfo ni, tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wá wo ibì kan lára ògiri, di ojú, gbé ìbọn sí èjìká bó ṣe rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, kó o tó lajú. Tójú ẹ bá gun orí bárẹ́lì gbọọrọ tí ẹyin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn sì wà láàárín, ó ti ń sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ bárẹ́lì lò ń rí, sọ fún ọlọ́jà pé ó dàárọ̀. Jẹ́ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò pé ojú ẹ èwo ló lágbára, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò àmọ́ ojú ọ̀tún ló ń darí wọn.

O ní àwo amọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ jù sókè lo fẹ́ máa yìn, o sì tún fẹ́ máa tẹ̀ lé ọ̀gbẹ́ni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí oko ẹ̀ fún rough shooting. Èyí tó kẹ́yìn yìí, nígbà tí mo ṣì wà lọ́hùn-ún tí mo ń bá wọn tẹ ẹ̀rọ àwo ní wíkẹ́ǹdì, mo sọ fún wọn pé ọdẹ àparò lásán ni. Ẹ̀ẹ́ rìn gba ẹ̀bá oko àti inú koríko, ajá á máa gbóòórùn lọ níwájú, ohun tó bá fò lẹ yìn. Àwọn bàbá wa ń ṣe é lápá Ọ̀dẹ̀dá láìsí pé ẹnikẹ́ni wọ bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ní àsìkò fún un, ẹyẹ pheasant wọn, láti ọjọ́ kìíní oṣù October títí di ọjọ́ kìíní oṣù February ni wọ́n gbà kéèyàn yìn ín ní England, o ò sì gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì ò fẹ́ irú ìbọn kan náà. Ti àwo fẹ́ ìbọn tó wúwo díẹ̀, bíi pọ́n-ùn 8, bárẹ́lì íńṣì 30, torí ìbọn tó wúwo kì í gbá èjìká púpọ̀, wàá sì yìn ọ̀pọ̀ lọ́jọ́ kan. Ti inú oko ńkọ́, o lè rìn látàárọ̀ kó o má yìn ju ìgbà mélòó kan lọ, pọ́n-ùn 8 yẹn á ti ya apá ẹ nírọ̀lẹ́. Ojú tèmi, wá over-and-under, èyí tí bárẹ́lì kan gun orí èkejì, 12 bore, íńṣì 28, tó wúwo bíi pọ́n-ùn 7 àti ààbọ̀, tí choke ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ẹnu bárẹ́lì fún, ṣeé tú yí padà. Kò ní jẹ́ ọ̀gá nínú ìkankan, àmọ́ á ṣe méjèèjì láìdójú tì ẹ́. Beretta, Browning àti Miroku ni wàá rí jù ní tòkunbọ̀, wọ́n lágbára, irin àfidípò wọn sì wà. Má jẹ́ kí wọ́n fi 20 bore tàn ẹ́ pé ó fúyẹ́. 12 yìí, bí wọ́n bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ló ṣe rẹ́gí ẹnu bárẹ́lì. Ti 20 kéré síyẹn, ọta tó ń gbé kéré, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò nílò ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ní méjèèjì nílé, ẹ má da kátíríìjì wọn pọ̀ láé láé. Ti 20 á yọ̀ wọ inú bárẹ́lì 12, á lọ há síwájú, wàá rò pé òfìfo ni, wàá ki ti 12 tẹ̀ lé e, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó o bá fà á, kí Ọlọ́run má fi hàn wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ti 20 ní àwọ̀ yẹ́lò.

Choke ò le. Ẹnu bárẹ́lì tó fún díẹ̀ ni, kí ọta má bàa tètè fọ́nká. Ní yáàdì 40, èyí tí ò fún rárá máa ń kó bí ìdá 40 nínú 100 ọta ẹ̀ sínú òbìrí tó fẹ̀ tó íńṣì 30, èyí tó fún jù á kó bí ìdá 70. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń sáré lọ síbi èyí tó fún jù, wọ́n rò pé agbára ni, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí ò tó yáàdì 25. Fi èyí tó ṣí díẹ̀ sí bárẹ́lì ìsàlẹ̀, fi èyí tó fún dé ìlàjì sí tòkè, má fọwọ́ kàn án fún ọdún kan. Ọta nọ́ńbà 7½ tàbí 8 (nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ bí ọta ṣe tóbi tó), gíráàmù 28, ti tó fún àwo; nínú oko, nọ́ńbà 6.

Ọ̀rọ̀ òjé wà ńbẹ̀ o. Láti 1999 ni wọ́n ti fòfin de ọta òjé fún pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ní England, wọ́n sì ti kéde ní 2025 pé ọ̀pọ̀ èyí tó kù máa kógbá wọlé. Irin ló ń bọ̀, irin sì le, kì í rọ̀ kọjá ẹnu tó fún bíi ti òjé. Torí náà, tó o bá ń wo tòkunbọ̀, wo ara bárẹ́lì bóyá wàá rí àmì òdòdó kékeré olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní fleur-de-lys, òun ló fi hàn pé wọ́n ti dán ìbọn yẹn wò fún ọta irin alágbára. Dọ́bù bárẹ́lì olódòdó tìẹ yẹn, mi ò rò pé ó ní in.

Yíyẹ tòkunbọ̀ wò. Yọ igi iwájú, pa ìbọn dé, dì í mú nídìí, mì ín. Tó bá ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ìdè ẹ̀ ti jẹ, gbé e kalẹ̀. Yọ bárẹ́lì, gbé e sí ìmọ́lẹ̀, wo inú ẹ̀ látẹ̀yìn, máa yí i díẹ̀díẹ̀. Inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán bíi dígí, tí ìmọ́lẹ̀ bá ṣẹ́ níbì kan, ojú ibẹ̀ ti tẹ̀ wọlé, tó o bá rí ihò dúdú wẹ́wẹ́, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Èyí tí bàbá mi máa ń ṣe ló wù mí jù: wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo gbé bárẹ́lì kọ́ nídìí, wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á gbé etí sí i. Tó bá ké gan-an-ran-an tí ohùn ẹ̀ ń lọ jìnnà, irin tó so bárẹ́lì méjèèjì pọ̀ ṣì mú dáadáa. Tó bá ké kọ̀, jíjó ẹ̀ ti tú níbì kan, omi á sì ti máa wọ abẹ́ ẹ̀. Ṣe é níwájú ọlọ́jà, wàá rí i bí ojú ẹ̀ á ṣe yí padà.

Ó kan ìtọ́jú wàyí, ibẹ̀ lẹ̀ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń bá mi jà torí ó ní mo ti ń ṣàṣejù. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ tìrẹ lọ́hùn-ún, òjò wínníwínní látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò yàtọ̀ sí ti wa lóṣù keje, tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ tó làágùn nìkan ti tó láti mú irin dógùn-ún mọ́jú. Ọjọ́ tó o bá yìn ín ni kó o nù ún, kì í ṣe ọ̀la. Tú u sí mẹ́ta lórí ìwé ìròyìn. Kọ́kọ́ fi bébà ti ilé ìdáná gba inú bárẹ́lì kọjá látẹ̀yìn, ohun tó máa jáde lẹ́nu ọ̀hún dúdú bíi bọ́lù èéfín. Fi oògùn ìfọbọn sí i, jẹ́ kó jókòó díẹ̀, gba bọ́rọ́ọ̀ṣì bàbà kọjá léraléra, pàápàá níbi tí kátíríìjì ń jókòó àti ìsúnmọ́ ẹnu, ibẹ̀ ni ike kátíríìjì máa ń lẹ̀ mọ́. Nù ún gbẹ, kó o wá fi òróró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kẹ́yìn. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni mo wí o! Òróró tó bá pọ̀ á ṣàn sínú igi nídìí, igi á rọ̀ á dúdú, lọ́jọ́ kan á là. Bàbá mi ń lo epo màsíìnì tàwọn télọ̀, ẹ̀kán díẹ̀ lórí àkísà, ó sì tó wọn. Fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbó gbá ibi tí kátíríìjì ti ń ta jáde, fi gíríìsì díẹ̀ sójú ibi tí irin ti ń fi ara ro irin. Choke yẹn, máa tú u lóòrèkóòrè, kó o fi gíríìsì sí ẹsẹ̀ ẹ̀, tó bá lẹ̀ mọ́ inú bárẹ́lì, atúnbọnṣe ló máa gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Má sì yìn ín láìfi choke sínú ẹ̀.

Tí òjò bá pa á, má gbé e sínú àpò ẹ̀ padà. Àpò yẹn máa ń gbomi sára, ìbọn tó sùn nínú ẹ̀ mọ́jú á jí tòun ti ìpẹtà. Tú u, nu omi, gbé e dúró nínú yàrá tó móoru díẹ̀, jìnnà sí ẹ̀rọ amúlémóoru, torí igi tó bá gbẹ lójijì máa ń là. Jẹ́ kó gbẹ tán pátápátá kó o tó fi òróró sí i, kó tó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, gbé e fún atúnbọnṣe kó tú inú ẹ̀, ìwọ má tú ibẹ̀ o, mo mọ̀ ẹ́.

Kó o tó náwó rárá, ní ibi ìyìnwo tí ọlọ́pàá fọwọ́ sí, òfin wọn gbà ẹ́ láàyè láti fi ìbọn ti wọn yìn àwo láìní sátífíkéètì ìbọn. Lọ, yá oríṣiríṣi, wo èyí tó bá ẹ lára mu. Sátífíkéètì tìẹ, ọlọ́pàá àdúgbò ẹ ló ń fúnni, ọdún 5 ló ń lò, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ, wọ́n á sì wá wo ibi tó o fẹ́ tì í pa mọ́. Má sì jẹ́ kó wá sí ẹ lọ́kàn pé wàá gbé e wálé. Òfin ìbọn wa ti 1959 ṣì wà, ṣakabùlà wà níbi tiẹ̀, dọ́bù bárẹ́lì wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì ọlọ́pàá, èyí tó ń fúnra ẹ̀ kíbọn ò sí lára èyí tí wọ́n ń fún èrò bíi tiwa. Mo rí ohun tí bàbá mi fojú rí kí wọ́n tó tún láísẹ́ǹsì tiwọn ṣe.

Tó o bá ti rí èyí tó wù ẹ́, ya fọ́tò ìsàlẹ̀ bárẹ́lì níbi tí àmì wà, ya ti inú ẹ̀ náà, fi ránṣẹ́ kó o tó sanwó. Bàbá mi ń kí ẹ, wọ́n ní kí n bi ẹ́ pé ta ló máa bá ẹ yìn ín gan-an, pé ṣé Ìyá Tòlú ni.

Èmi ni,
Fẹ́mi, Ìbarà, Abẹ́òkúta