Ẹ sanwó àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le

Sí Olóòtú,

Àwọn kan nínú àwa tí a ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní kò yẹ kí ẹgbẹ́ náwó rẹpẹtẹ lórí àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó lọ. N kò gbà rárá.

Ní 2006, ẹgbẹ́ New England Patriots jẹ́ kí Adam Vinatieri, ẹni ọdún 33 tó ń gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fún wọn, bá ẹgbẹ́ Indianapolis Colts lọ. Òun ló gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 45 nínú yìnyín ní oṣù kìíní 2002, tí Patriots kò fi fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Raiders. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ló gba Super Bowl, ife àṣekágbá líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní NFL, fún wọn lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí eré! Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Colts, wọ́n gba ife náà. Ó sì ń gbá a títí di 2019, nígbà tó ti di ẹni tó ní póìǹtì jù lọ nínú ìtàn NFL.

Lóòótọ́, Stephen Gostkowski tó rọ́pò rẹ̀ ṣe dáadáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mélòó ló ń rí irú rẹ̀? Ẹ̀rù ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Kí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, kí wọ́n yé ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Òǹkàwé yín