Nọ́ńbà tó sọ owó wa di gbèsè

Bísí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, ojú ṣì ń tì mí. Jẹ́ kí n ròyìn, kí o lè bá mi rẹ́rìn-ín.

O rántí ètò kọ̀ǹpútà tí mo ṣe fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa? Kọ́bọ̀ ni mo ní kó máa fi ṣírò, ó sì ń ṣiṣẹ́ geere. Lọ́jọ́ ìpàdé tí àpapọ̀ owó wa kọjá ₦21,474,836.47, àmì ìyọkúrò yọ gannboro níwájú owó: ẹgbẹ́ tó rí já jẹ di onígbèsè mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ìyá Akápò bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. "Ta ló kó owó wa?"

Ẹnikẹ́ni ò kó o. Àyè tí mo fi sílẹ̀ dà bí ọpọ́n oníhò 32: ihò kan fún àmì, 31 tó kù fún iye, ihò kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju 0 tàbí 1 lọ. Bó bá ti kún dé 2,147,483,647, kọ́bọ̀ kan péré tó bá lé e, ó ta kìtì sí ìsàlẹ̀ òdo nìyẹn.

Mo bínú sí nọ́ńbà yìí títí mo fi mọ ìdílé rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní ìgbà 31, kí o yọ 1 kúrò, òun nìyẹn. Kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Orúkọ Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé, ni wọ́n fi ń pe irú wọn: 3, 7, 31, 127 ni àgbà, tiwa ló ṣìkẹjọ. Mersenne kà á mọ́ wọn ní 1644, ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò ṣe é gbára lé. Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1772, ní Saint Petersburg ní Rọ́ṣíà, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Ó mọ̀ pé nọ́ńbà yòówù tó bá máa pín in, tí a kò bá ka nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀, tí a bá fi 248 pín ti ọ̀hún, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìdánwò 372 péré ló kù fún un. Mo ní "péré"! Gbìyànjú mẹ́wàá lórí ìwé kí o tó dá mi lóhùn.

Mo ka iye náà fún Ìyá Akápò bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ láyé àtijọ́: ọ̀kẹ́ 107,374, ó lé ẹgbẹ̀jìdínlógún àti mẹ́tàdínláàádọ́ta. Wọ́n ní, "Ta ló máa rù ú?"

Mo ti fẹ àyè náà sí ihò 64. Síbẹ̀, wọn ò fi ìwé wọn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a fi tiwọn wé ti ẹ̀rọ mi. Tiwọn fi náírà méjì ju tèmi lọ. A ṣì ń wá a.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́