Ẹ má da wúùlù àwọn ìyá yín sórí ààtàn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, n kò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Màmá kan papò dà ní òpópónà kejì sí tiwa, ní Àpáta níbí. Wọ́n sin ín tán, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́ kí ayálégbé lè wọlé. Mo ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ni mo pàdé ọmọkùnrin tó ń kó ẹrù náà lọ sórí ààtàn. Báàgì Ghana-must-go kan ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ níítíìnì méjì, irú èyí tí a fi ń hun wúùlù, yọrí síta, wúùlù aláwọ̀ ìyeyè rọ̀ mọ́ wọn lára. Mo ní kó dúró. Ó ní, "Màmá, pàǹtí ni o, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀." Mo ní, "Ọmọ mi, gbé e fún mi bẹ́ẹ̀."

N kò dá àwọn ọmọ náà lẹ́bi. Aṣọ tí kò parí ni wọ́n rí, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n hun kò sì lè mọ ohun tó ń bẹ lórí abẹ́rẹ́. Òwú kan ṣoṣo ni níítíìnì, kò dà bí aṣọ òfì tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òwú ni wọ́n ta sílẹ̀ kí òmíràn tó máa dábùú wọn. Òwú kan náà ló ń gba inú ara rẹ̀ kọjá, tí ojú kan, ìyẹn ibi tí òwú ti ká bí òrùka, ń di ojú kejì mú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ojú tó wà lórí abẹ́rẹ́ ṣí sílẹ̀, wọ́n ń dúró de èyí tó máa tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá fa abẹ́rẹ́ yọ, tí ẹ fa òwú, gbogbo rẹ̀ lè tú pátá. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ fún ogún ọdún, tí kòkòrò ò jẹ ẹ́, ẹlòmíràn lè mú un kó máa bá a lọ níbi tí ẹni àkọ́kọ́ dé.

Ìkìrun ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún 1963, ní kíláàsì kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àkókò iṣẹ́ ọwọ́ ni. A kò ní abẹ́rẹ́. Ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì tó le dáadáa la máa ń mú wá, a ó fi abẹ fá a kó má baà fa òwú ya. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń mú sípóòkù wá, a sì máa ń jowú rẹ̀ gan-an. Tíṣà wa á dúró sẹ́yìn wa, á máa wí pé: tì í wọlé, fi òwú kọ́ ọ, fà á yọ, jẹ́ kó bọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, bí wọ́n bá mú iná lọ tí mò ń hun nínú òkùnkùn, ètè mi ṣì ń sọ ọ́.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí la fẹ́ fi wúùlù ṣe nílùú tó gbóná báyìí. Kí wọ́n bi obìnrin tó bímọ nínú ọyẹ́. Kí wọ́n sì wá jókòó pẹ̀lú àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ká wá fi ojú hàn, láti aago méje àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Inú ń bí àwọn ẹgbẹ́ mi, orí ń fọ́ wọn. Èmi ń hun ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun. Kí wọ́n tó pe orúkọ mi, ẹsẹ̀ kan ti parí. Mo máa ń dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ara fífúyẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Èmi náà ní agbọ̀n tèmi, iṣẹ́ mọ́kànlá tí n kò tíì parí ló wà nínú rẹ̀. Kádígàn kan ku apá kan. Ọmọ tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún ti pé ọdún mẹ́fà, àbúrò rẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́ tó bá dé. Fìlà aláwọ̀ ewé kan dúró torí pé àwọ̀ wúùlù tí mo lọ rà kún un ní Dùgbẹ̀ kò rí bákan náà mọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò aró tó ti jáde yàtọ̀ lára bébà rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni súwẹ́tà ti baálé mi. Ọdún 2009 ni. Ó ku apá òsì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ti Màmá yẹn. Mo tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀lù ọmọ ni, ojú 144 ló wà lórí abẹ́rẹ́. Mo mọ àrà náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin erékùṣù Shetland, ní àríwá Skọ́tílándì, ló ti wá; ó máa ń rú bí ìgbì omi, ojú 18 sì ni ìgbì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìlà mẹ́rin, ẹyọ kan ni iṣẹ́ wà: a ó so ojú pọ̀ ní méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta, a ó da ihò mẹ́fà sí i (a ó yí òwú sórí abẹ́rẹ́, yóò di ojú tuntun), a ó tún so ó pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́fà lọ, mẹ́fà dé, iye ojú kì í yẹ̀. Ìgbì mẹ́jọ ni Màmá náà kó sórí abẹ́rẹ́.

Mo wá rí i pé ìlà kan le, èyí tó tẹ̀ lé e rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ ló ń gbọ̀n. Ìgbà tí mo yẹ ìdí abẹ́rẹ́ wò ni mo rí i pé ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 9, èkejì jẹ́ 10. Nínú nọ́ńbà àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín. Ìkejì ọ̀kan ti sọnù, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ní èyí tó bára mu nílé, ṣùgbọ́n tiẹ̀ náà ni mo fi hun ún, kí ọwọ́ mi lè jọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní ìgbì kẹta, ihò kan ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó gbàgbé rẹ̀ ni. Nígbà tó padà kan ibẹ̀, ó gbé òwú tó wà láàárín ojú méjì sókè, ó fi dí iye rẹ̀, kò tú u. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. N kò bá obìnrin yìí sọ ju "ẹ kú òwúrọ̀" lọ nígbà ayé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ sì ti dógùn-ún sínú iṣẹ́ náà, ó fa ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ojú wúùlù. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ tán. Mo fi í sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró, ibẹ̀ ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Olóòtú, ẹ bá mi bẹ àwọn èèyàn wa. Bí ìyá yín bá lọ, tí ẹ rí òwú lórí abẹ́rẹ́, ẹ má fa abẹ́rẹ́ náà yọ. Ẹ fi rọ́bà dè é lórí, kí ẹ wá ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí tàbí ládùúgbò tó mọ̀ ọ́n hun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ ní agbọ̀n bíi tèmi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè yín ní ọ̀lẹ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ìwé mọ́ ọn. Èmi ti ṣe tèmi. Mo fi píìnì so bébà mọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá: nọ́ńbà abẹ́rẹ́, ìlà tí mo dé, ẹni tó ni ín. Ti súwẹ́tà yẹn nìkan ló yàtọ̀. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni, "Ẹ má parí rẹ̀."

Ṣọ́ọ̀lù ti parí. Wúùlù tó kù nínú báàgì kò tó, mo fi funfun ṣe etí rẹ̀ yíká. Ó wà nínú ọ̀rá nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, mo fi káńfọ̀ sí i. Ẹnì kan nínú ìdílé yẹn ló mọ ọmọ tí wọ́n ń hun ún fún. Bí wọ́n bá ka lẹ́tà yìí, kí wọ́n wá mú un, mi ò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n sáà béèrè ìyá tíṣà tó ń hun wúùlù. Ọmọdé ládùúgbò á mú wọn dé ẹnu ọ̀nà mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Tíṣà,
Àpáta, Ìbàdàn.