Ìgbín Tó Bú Nínú Iná

Àṣàkẹ́ mi,

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Àná ni ọmọ Ìyá Ìbejì tí ẹ jọ wà ní ilé-ìwé sọ fún ìyá rẹ̀ pé iṣẹ́ amọ̀ rẹ bú gbàmù nínú ààrò, ó fọ́ ti ẹni méjì mọ́ ọn, àti pé láti ìgbà náà, wọn ò rí ọ ní kíláàsì mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé o fẹ́ sá kúrò ní ilé-ìwé ni?

Bàbá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú.

Wọ́n ní ìgbín lo fi amọ̀ mọ, ìgbín tó ń fà lórí ewé kókò. Ẹ̀rín pa mí, torí ìgbín náà lo máa ń ṣà lẹ́yìnkùlé tí o ń kó sínú bàtà mi. Ṣùgbọ́n olórí kunkun ọmọ yìí, ìkarahun ìgbín kì í ha ṣe ilé tó ṣófo? Kí ló dé tí tìrẹ fi kì bí òkúta? Amọ̀ tó bá kì, ẹ̀yìn rẹ̀ a gbẹ, inú rẹ̀ a ṣì tutù. Bí iná bá ká omi yẹn mọ́bẹ̀, á hó, ooru rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde. Bí kò bá rí ọ̀nà, ilé ni yóò fọ́. Bó bá ti ń yi bí awọ ni kí o là á sí méjì, kí o fi ṣíbí wa inú rẹ̀ títí yóò fi ku bí ìka kan, kí o tó fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ̀ ẹ́ padà. Lu ihò sí i lábẹ́. Aṣọ ni kí o dà bò ó níbòòji, má sá a sóòrùn. Àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ tí bàbá rẹ mú ọ lọ wò ní mùsíọ́ọ̀mù Ẹnuwá, ṣebí inú wọn ṣófo? (Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé orí erin alámọ̀ tí wọ́n wà jáde nínú ilẹ̀ ní Láfogído, ní Ifẹ̀, lọ́dún 1969. Mo ti kọ ọ́, kó jẹ́ n sinmi.)

Ṣé o ti kó ẹrù rẹ ni? Ṣé o ti jẹun?

Ní Ìpetumodù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ìyá mi máa ń gbé ìkòkò sí kó tó wọ iná. Bó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1986, ó ní kí n bá òun yẹ̀ wọ́n wò. Mo fẹ́ lọ sí òde ìyàwó, mo ní mo ti yẹ gbogbo wọn wò. N kò fọwọ́ kan ẹyọ kan. Nígbà tí iná ràn, wọ́n ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lé ní ogún. Ìyá mi ò bá mi wí. Ó ṣa àpáàdì náà, ó gún un kúnná, ó pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Èmi ni mo sá lọ sí Ìbàdàn. Odidi ọdún méjì, bó bá ránṣẹ́ sí mi, n kì í dáhùn. Nígbà tí mo máa padà débẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, kò lè mọ ìkòkò mọ́.

Ẹ rò pé n kò fẹ́ràn iṣẹ́ amọ̀ ni, èmi náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Nígbà tí o mú iṣẹ́ ọnà, tí mo pè é ní iṣẹ́ ìdọ̀tí, ojú ló ń tì mí.

Má sá, Àṣàkẹ́. Lọ bẹ àwọn tí iṣẹ́ wọn fọ́. Bá wọn po amọ̀ tuntun, ọwọ́ rẹ ò ní gé. Má sì kó àpáàdì ìgbín náà dànù.

Mo ti fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Mo tún rí òkúta tí ìyá mi fi ń dán ìkòkò nísàlẹ̀ àpótí, mo ti fún awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Yóò pè ọ́ bó bá dé gáréèjì. Bí o kò bá fẹ́ gbé tèmi, gbé tirẹ̀.

Ìyá rẹ.